Ẹranko Tó Bá Kérésì Wọ Amukoko

Bí ẹ bá rí Adéṣẹwà lónìí, ẹ ò ní gbà pé òun ló máa ń mú odindi àdúgbò rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ó jókòó síwájú mi, ó ń fi èékánná họ etí tábìlì, ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má bo òun láṣìírí. Orúkọ nìkan ni mo bá a pààrọ̀. Ìyókù, bó ṣe tẹnu rẹ̀ jáde ni mo ṣe kọ ọ́ fún yín.

Bàbá Ṣẹwà ló dá ilé sinimá kékeré kan sílẹ̀ ní Amukoko, láyé ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì jẹ́ nǹkan olówó. Páànù ni wọ́n fi kan án, orí bẹ́ǹṣì ni èèyàn ń jókòó, aṣọ funfun kan ni wọ́n ta sílẹ̀ níwájú kí àwòrán máa hàn lórí rẹ̀. Lọ́dọọdún tí Kérésì bá dé, fíìmù kan ṣoṣo ni baba náà máa ń fi hàn. Fíìmù òyìnbó àtijọ́ ni, tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1980 sí 1989, nípa àwọn ẹ̀dá kéékèèké onírun tó ya wọ ìlú kan lọ́sẹ̀ ọdún. Ẹ̀rín ní í kọ́kọ́ pa èèyàn. Tó bá yá, ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu.

Kò sọ́mọ Amukoko tó dàgbà nígbà náà tí kò mọ fíìmù yẹn. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Ìbò, ọmọ Úròbò, ọmọ Yorùbá, gbogbo wọn ní í fún ara wọn pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì.

Baba kú, Ṣẹwà gba ilé sinimá. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Sinimá ti wọnú fóònù. Bí kì í bá í ṣe ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ẹnikẹ́ni kì í yọjú. Lọ́dún kan báyìí, ó fi fíìmù baba rẹ̀ hàn lọ́jọ́ Kérésì, èèyàn tó wá ò kún bẹ́ǹṣì kan. Ọ̀kan nínú wọn tún sùn lọ, ó ń hanrun.

"Ojú tì mí," ó wí fún mi. "Ó dà bíi pé bàbá mi ń yọjú wò mí látẹ̀yìn aṣọ funfun yẹn."

Ibi tí ojú ti ń tì í yìí ni ìdánwò gbà wọlé.

Ọmọkùnrin Úròbò kan wà tó ń jẹ́ Onoriode. Wọ́ọ̀fù Àpápá ló ti ń ru ẹrù. Àdúgbò kan náà lòun àti Ṣẹwà ti dàgbà, àǹtí ló sì máa ń pè é. Nígbà tí Kérésì ọdún tó tẹ̀ lé e ń kanlẹ̀kùn, Onoriode gbé àgò onírin kan wá, ó da àpò ìrẹsì bò ó.

"Àǹtí Ṣẹwà, ẹ wá wo nǹkan. Ẹ má pariwo o."

Ó ká àpò náà sókè díẹ̀.

Ẹranko kan ló ká gúlútú sínú àgò. Ó tóbi ju ológbò lọ díẹ̀. Àwọ̀ eérú ni, irun rẹ̀ kún, ìrù rẹ̀ sì ṣe àbìlà. Dúdú yí ojú rẹ̀ méjèèjì ká bí ẹni tó lé tìróò tó wá sunkún sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló mú Ṣẹwà fà sẹ́yìn. Ọwọ́ èèyàn ni, ìka márùn-ún, tín-ín-rín, bíi ti ọmọ tuntun. Ẹranko náà na ọwọ́ kan jáde láàárín irin, ó rọra di etí ìró Ṣẹwà mú, ó sì ń wo ojú rẹ̀.

"Inú bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ kan la ti bá a," Onoriode ṣàlàyé. "Wọ́n di páálí bisikíìtì kúnnú bọ́ọ̀sì náà láti Amẹ́ríkà. Òun ló ń jẹ títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa fẹ́ pe àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ ẹranko, mo bá yára gbé e sá. Àǹtí, ẹ wò ó dáadáa. Kí ló jọ?"

Ṣẹwà mọ ohun tó jọ. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní òun ò lè sọ èyí tó ṣáájú.

"Ó jọ wọ́n," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ wáá gbé e síwájú ilé sinimá. Ẹ ní ọ̀kan nínú wọn ló já bọ́ látinú fíìmù. Àǹtí, people go rush!"

Gbénró, ọkọ Ṣẹwà, ń wa ọkọ̀ àjàgbé láti wọ́ọ̀fù lọ sí òkè Ọya, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé. Ṣẹwà fi fọ́tò ẹranko náà ránṣẹ́ sí i. Kíá ni fóònù dún.

"Ta ló gbé ìyẹn wọ ilé mi?"

"Ilé sinimá ló wà, kì í ṣe ilé."

"Ṣẹwà, ẹran ìgbẹ́ tí kì í sá fún èèyàn, nǹkan ń ṣe é. Jẹ́ kí wọ́n dá a padà."

"Ó ti mọ́ èèyàn lára ni. Ẹ jẹ́ kí ọdún kọjá, màá ní kí wọ́n wá gbé e."

"Mi ò sí nílé láti bá ẹ jà," Gbénró wí, ó sì pa fóònù.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí pátákó: Ẹ WÁ WO Ẹ̀DÁ TÓ JÁ BỌ́ LÁTINÚ FÍÌMÙ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, èèyàn ti ń wá láti Boundary, wọ́n ń wá láti Ijora. Bí wọ́n ṣe ń wo ẹranko náà tán ni wọ́n ń wọlé wá wo fíìmù. Bẹ́ǹṣì kún. Àwọn tó ti fi ọmọdé wò ó rí gbé àwọn ọmọ tiwọn wá.

Ẹranko náà mọ eré ṣe. Tí wọ́n bá fún un lóúnjẹ, á rì í bọ omi, á fi ọwọ́ méjèèjì fọ̀ ọ́ kínníkínní kó tó jẹ ẹ́. Bàbá arúgbó kan rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ẹ̀ rí i bó ṣe ń ṣe àlùwàlá! Ẹni tiwa ni!" Obìnrin aláṣọ ìjọ funfun kan ní rárá o, ẹ̀mí òkùnkùn ni. Ó dúró síwájú àgò, ó gbàdúrà títí ọrùn rẹ̀ fi yọ iṣan, ṣùgbọ́n òun náà ya fọ́tò kó tó lọ. Àwọn ata-tẹ́tẹ́ wá ń béèrè nọ́ńbà. Bí ẹranko bá na ìka mẹ́ta, wọ́n á sáré lọ ta á.

Ṣẹwà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bí páànù ṣe ń mì fún ẹ̀rín. Ohun tó ń wá nìyẹn. Ó ní bí wọ́n bá ní kóun fi ojú òun kan gbà á nígbà yẹn, òun ì bá fi ojú náà sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ kan wà tó sún mọ́ ọn ju ọmọ ìyá lọ. Perpetual lorúkọ rẹ̀, onídìrí ni. Ará Ẹdó làwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn oníYorùbá mìíràn lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé sinimá. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Oghogho, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Tó bá di oṣù Kejìlá, orí dídì kì í jẹ́ kí Perpetual rójú jẹun, ọ̀dọ̀ Ṣẹwà ni ọmọ máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Ṣẹwà, ẹran ẹ yẹn o, ọmọ mi ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn," Perpetual kìlọ̀. "I no trust that eye."

"Ọmọ ẹ kọ́, ọmọ wa ni. Ṣé ojú mi báyìí ni nǹkan máa ṣe Oghogho?"

"Mo kúkú mọ̀. Ẹlòmíì wo ni mo tún ní?"

Bí ọdún ṣe ń sún mọ́lé, ẹranko náà ń yí padà.

Ó kọ́kọ́ kọ omi. Omi tó máa ń fi ṣeré, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Oúnjẹ rà sínú àgò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan, ó ń yí, ó ń yí, bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ohùn rẹ̀ há. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Itọ́ ń fà lẹ́nu rẹ̀ bí okùn, ó sì dojú kọ irin àgò, ó ń fi eyín họ ọ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, látàárọ̀ dalẹ́.

"Ọyẹ́ ni," Onoriode wí. "Ibi tó ti wá ò lọ́yẹ́."

Ṣẹwà mọ̀ pé kì í ṣe ọyẹ́. Ó yẹ kó pe ẹnì kan. Ó gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e sílẹ̀. Ọjọ́ kejì Kérésì ni wọ́n fẹ́ fi fíìmù náà hàn fún gbogbo àdúgbò, àwọn ìjọ méjì ti ní àwọn ń kó ọmọ wọn bọ̀. Tí wọ́n bá gbé ẹranko lọ báyìí, kí ló kù tí èèyàn á wá wò? Ó da aṣọ bo àgò náà, ó ní kí ọjọ́ náà ṣáà kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tó ku díẹ̀ kí Kérésì pé, Ṣẹwà ń nu bẹ́ǹṣì nínú ilé. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré lẹ́yìn rẹ̀.

Oghogho ló dúró síbẹ̀. Kò sunkún. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di tòsì mú.

"Àǹtí Ṣẹwà," ó wí, "kò fẹ́ pọ́fù-pọ́fù mọ́."

Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí símẹ́ǹtì láàárín ìka rẹ̀.

Ṣẹwà di ọwọ́ náà mú. Ojú eyín wọlé síbi ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Ó wo òdìkejì títì, ó rí Perpetual nínú ṣọ́ọ̀bù, tó tẹ̀ lórí oníbàárà, tó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ péré ló wà láàárín wọn.

Ó fa aṣọ ya, ó fi di ọwọ́ ọmọ.

"Oghogho mi, ṣó o fẹ́ kí wọ́n wá gbé ẹran wa lọ, kí wọ́n lọ pa á?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Tí Mọ́mì bá bi ẹ́, irin bẹ́ǹṣì ló ge ẹ́. Ṣó o gbọ́?"

Ọmọ náà wò ó. "Mọ́mì ní kí n má máa purọ́."

"Irọ́ kọ́ nìyẹn. Àṣírí ni. Èmi pẹ̀lú ẹ la jọ ni ín."

Ojú Oghogho tàn. Ọmọdé wo ni kò fẹ́ kí àgbàlagbà bá òun ní àṣírí?

Nígbà tí ọwọ́ Perpetual dilẹ̀, ó wo aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó mi orí. "Ọmọ yìí ò lè jókòó jẹ́ẹ́! Ṣẹwà, o ṣeun o. Èmi gan-an ì bá má mọ bí mo ṣe máa dì í." Ó fa àga. "Wá, jókòó. Ṣé orí yìí lo fẹ́ fi ṣọdún báyìí? Jẹ́ n dì í fún ẹ. Mi ò gba kọ́bọ̀."

Ṣẹwà jókòó sáàárín orúnkún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìka Perpetual ń rìn lórí rẹ̀, ó ń la irun, ó ń fi òróró pa á, ó ń sọ̀rọ̀ aṣọ ọdún tó rà fún Oghogho. Ọ̀rọ̀ kún Ṣẹwà lẹ́nu bí omi gbígbóná. Ó ní ìgbà méjì lòun la ẹnu.

"Kí ló ń mú ẹ gbọ̀n?" Perpetual bi í.

"Ọyẹ́ ni," ó fèsì.

Ọjọ́ kejì Kérésì pé. Báńgà ń dún káàkiri Amukoko. Ilé sinimá kún débi pé àwọn ọkùnrin ń dúró lójú fèrèsé. Ṣẹwà ti gbé àgò pa mọ́ sẹ́yìn aṣọ funfun, kí ẹnikẹ́ni má baà rí bí ẹranko náà ṣe dà. Bẹ́ǹṣì iwájú ló fi Perpetual jókòó sí, Oghogho wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú kaba tuntun.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín níbi tí bàbá wọn ti rẹ́rìn-ín rí. Ó débi tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú fíìmù ti ń fọ́ fèrèsé, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́.

Abẹ́ aṣọ funfun náà mì.

Ọwọ́ kékeré kan ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà orí. Irin tó ti ń họ láti ọjọ́ yìí ti gbà fún un. Ẹranko náà wọ́ jáde sójú agbo, iná fíìmù ń tàn yanran lára rẹ̀. Ó dìde, ó ṣubú, ó tún dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Ilé bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti mu ọtí ọdún!" ẹnì kan pariwo. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí òṣèré. Wọ́n yọ fóònù. Wọ́n rò pé Ṣẹwà ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣẹwà ń la àárín èrò kọjá bọ̀ níwájú.

Ẹranko náà kọjú sí bẹ́ǹṣì iwájú. Ìfófòó funfun bo ẹnu rẹ̀. Igbe kan jáde lọ́fun Oghogho, ó di ọrùn ìyá rẹ̀ mú.

"Mọ́mì! Ẹ má jẹ́ kó tún bù mí jẹ!"

Perpetual gbé ọmọ sókè lọ́wọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tí ọmọ sọ.

"Kó *tún* bù ẹ́ jẹ?"

Ẹranko náà fò. Onoriode já wọ àárín, ó fi ọwọ́ lásán mú un. Ẹranko náà bù ú jẹ ní ọrùn ọwọ́, eyín wọlé, kò sì fẹ́ tú u sílẹ̀. Onoriode là á mọ́lẹ̀, ó gbé bẹ́ǹṣì, ó fi lù ú títí kò fi mira mọ́. Àwọn èèyàn ti ń gun ara wọn lórí jáde. Lórí aṣọ funfun, fíìmù ṣì ń lọ, àwọn ẹ̀dá yẹn ṣì ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rántí pa á.

Perpetual kò sá. Ó jókòó padà, ó tú aṣọ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ojú eyín náà. Ó gbé ojú sókè.

"Irin ló ge ọmọ mi, àbí?"

Ṣẹwà bẹ̀rẹ̀ láti ṣa aṣọ náà nílẹ̀.

"Ṣẹwà, mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Irin ló ge ọmọ mi?"

Oghogho ló fèsì. Ó ń sunkún. "Mọ́mì, ẹ má bínú sí Àǹtí. Àṣírí àwa méjèèjì ni."

Àwọn tó kù lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ. Ṣẹwà tó fi ẹ̀rín kún ilé níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀ ló ń wò, ilẹ̀ ò sì lanu.

Dókítà tí wọ́n bá ní ọsibítù, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Adéọlá, wo ọwọ́ Oghogho, ó gbọ́ bí ẹranko náà ṣe ń ṣe, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ìgbà wo ló bù ú jẹ?"

"Ẹ bi òun," Perpetual wí. Kò wo Ṣẹwà.

Ṣẹwà sọ ọ́.

"Ṣé ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ dáadáa?"

"Mo dì í ni, mà."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ó jọ àrùn dìgbòlugi. Ajá nìkan kọ́ ló ń gbé e kiri. Lára èèyàn, ó lè sápamọ́ fún ọ̀sẹ̀, ó lè sápamọ́ fún oṣù. Tó bá ti fara hàn, kò sóògùn. Ẹni tó bá mú kò ní lè gbé omi mì mọ́, á máa bẹ̀rù omi. Abẹ́rẹ́ ló lè dènà rẹ̀, kíákíá la sì gbọ́dọ̀ gún un."

"Ṣé ó ti pẹ́ jù?" Perpetual béèrè.

"Mi ò ní purọ́ fún yín. Kò yẹ kó pẹ́ tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká gún un ká sì máa ṣọ́ ọ."

Abẹ́rẹ́ ò sí nílẹ̀. Ọdún ni, ọ̀pọ̀ ibi ló ti ti ilẹ̀kùn. Gbénró ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé ni, ó ṣì wọ aṣọ tó fi wakọ̀. Kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ kan. Ó gbé Perpetual àti ọmọ sórí ọ̀kadà, wọ́n wá a kiri títí wọ́n fi rí i ní ilé ìwòsàn aládàáni kan lódìkejì ìlú. Wọ́n gún òmíràn sójú ọgbẹ́, wọ́n gún òmíràn sí apá, wọ́n ní kí wọ́n máa padà wá gba ìyókù.

Àwọn dókítà ẹranko wá gbé òkú ẹranko náà lọ. Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ lédè òyìnbó, ẹnu Ṣẹwà ò gbà á. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, dìgbòlugi ni.

Onoriode kọ abẹ́rẹ́. Ṣẹwà wá a lọ sí wọ́ọ̀fù, ó kúnlẹ̀ fún un láàárín àwọn alárù.

"Àǹtí, ẹ dìde, ẹ ń dójú tì mí. Kọ̀ńténà ò pa mí, ṣé eku Amẹ́ríkà yẹn ló máa pa mí? Mo ti fi ògógóró fọ̀ ọ́. Ó ti jiná, ẹ wò ó."

"Onoriode, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́."

"Tí mo bá ti Ughelli dé. Màámi ń retí mi fún ọdún tuntun."

Ní Amukoko, ṣọ́ọ̀bù Perpetual ṣì kọjú sí ilé sinimá tí Ṣẹwà ti tì pa. Perpetual kì í kí i. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, á gbé àga ọmọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á bu omi sí kọ́ọ̀bù, á gbé e lé e lọ́wọ́. Á wá dúró, á tẹjú mọ́ ọ̀fun ọmọ náà.

Láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, Ṣẹwà náà á máa wò. Tí omi bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun Oghogho, àwọn obìnrin méjèèjì, olúkúlùkù níbi tó wà, á mí. Bí ọmọ náà bá dúró díẹ̀ láti sọ̀rọ̀ kó tó mu ún, Ṣẹwà ní ọkàn òun á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi pá a lórí, ó húkọ́, ó da omi náà nù. Perpetual ké tó bẹ́ẹ̀ tí àdúgbò sáré jáde. Ọmọ náà wò wọ́n tìyanu-tìyanu, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi míì.

Oṣù Kejì, fóònù Ṣẹwà dún. Nọ́ńbà Onoriode ni, ṣùgbọ́n ohùn náà ò jọ tirẹ̀.

"Àǹtí."

"Onoriode! Ibo lo wà?"

"Àǹtí, òǹgbẹ ń gbẹ mí. Òǹgbẹ ń pa mí. Wọ́n gbé omi wá... Àǹtí, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé omi yẹn kúrò lọ́dọ̀ mi!"

Ṣẹwà gbọ́ ìyá kan tó ń sunkún lédè Úròbò. Lẹ́yìn náà, fóònù dákẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sin ín.

Perpetual gbọ́ ìròyìn náà nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ijora. Gbénró bá wọn gbé ẹrù. Ṣẹwà ò láyà láti jáde.

Oghogho kò kú. Ẹ bá mi dúpẹ́. Òjò rọ̀, òjò dá, wọ́n ka oṣù lé oṣù, Dókítà Adéọlá ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, bí ẹranko bá bu ọmọ yín jẹ, tàbí ọmọ ẹlòmíì tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ má wo ojú ara yín.

Nígbà tí Ṣẹwà gbọ́ pé ọmọ ti bọ́, ó mú ara le, ó lọ sí Ijora. Ó bá Perpetual níbi tó ti ń tú irun oníbàárà kan. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lórí símẹ́ǹtì, ojú oníbàárà náà là sílẹ̀.

Perpetual fi kóòmù sílẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Dìde. Mo ti dárí jì ẹ́, tipẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ṣe é, mi ò ṣe é fún ẹ."

Ṣẹwà dìde.

"Nǹkan kan ni mi ò yé rò," Perpetual ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ò ga. "Ọ̀sán yẹn, tó o bá sọdá títì, tó o ní, 'Perpetual, ẹranko mi ti bu ọmọ ẹ jẹ,' ṣó o mọ ohun tí ǹ bá ṣe? Ǹ bá gbá ẹ létí. Lójú gbogbo oníbàárà. Lẹ́yìn náà, àwa méjèèjì à bá jọ gbé ọmọ sáré lọ sí ọsibítù. Wọ́n á ti wá gbé ẹranko yẹn lọ. Onoriode á wà láyé."

Ó mú kóòmù rẹ̀, ó padà sídìí orí tó ń tú.

"Ìgbátí kan ṣoṣo lo sá fún, Ṣẹwà."